Ọmọ tí mo máa ń lọ kí ní wọ́ọ̀dù ti lọ, ẹsẹ̀ mi ò gbé padà síbẹ̀ mọ́

Àdùkẹ́_Mókọ́lá
Ọjọ́ Ajé, 9:14 alẹ́

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará ibí. Ó pẹ́ tí mo ti ń ka ọ̀rọ̀ yín, mi ò kàn kọ nǹkan kan rí ni. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi dá sí èyí.

Láti oṣù kẹjọ ni mo ti wà nínú ẹgbẹ́ aláàánú kan tó máa ń lọ kí àwọn ọmọ tó ní jẹjẹrẹ ní ilé ìwòsàn kan. Sátidé Sátidé la máa ń lọ. Iṣẹ́ tèmi ò le: mo máa ń bá wọn kun àwòrán, a máa ń ta lúdò, mo sì máa ń pàlọ́ fún wọn. Tíṣà alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni mí, ìyẹn ò nira fún mi. Ọmọkùnrin kan wà níbẹ̀, ọmọ ọdún méje, tí kì í jẹ́ kí n parí àlọ́. Bí mo bá ti dé ibi tí Ìjàpá ti fẹ́ jalè báyìí, á ní, "Àǹtí, ẹ dúró, ẹ jẹ́ kí n sọ bí wọ́n ṣe mú un." Oògùn ti jẹ́ kí orí rẹ̀ pá, fìlà bàbá rẹ̀ ló máa ń dé, fìlà náà á sì máa yọ̀ bọ́ sí i lójú, á fi ìka kan tì í sókè, á tún máa bá ọ̀rọ̀ rẹ̀ lọ. Ọjọ́ tí mo rí i kẹ́yìn, ó ní kí n mú àlọ́ tí òun ò gbọ́ rí wá. Mo ní mo ti gbọ́.

Nígbà tí mo dé lọ́sẹ̀ kejì, ọmọ mìíràn ló wà lórí bẹ́ẹ̀dì. Mo rò pé wọ́n ti gbé e lọ sí wọ́ọ̀dù míì ni. Mo bi obìnrin tó ń nu ilẹ̀. Ó gbé mọ́ọ̀pù dúró, ó wo ojú mi, ó mi orí. Mo gbé báàgì mi, mo jáde, mi ò dágbére fún ẹnikẹ́ni.

Ó ti di ọ̀sẹ̀ mẹ́fà. Olórí ẹgbẹ́ ń pè mí, mi ò gbé e. Ọkọ mi ní kí n jáwọ́, pé èmi náà lọ́mọ nílé. Ohun kan tún wà: fọ́tò èmi àti ọmọ yẹn ṣì wà lójú Facebook ẹgbẹ́ wa, àwọn èèyàn sì ń kọ "Ọlọ́run á wò ó sàn" sábẹ́ rẹ̀ títí di àná.

Ṣé kí n padà? Bí mo bá padà, tí àwọn ọmọ yòókù bá bi mí ní ìbéèrè, kí ni mo fẹ́ sọ?


Arákùnrin_Sámù
Ọjọ́ Ajé, 9:40 alẹ́

Ẹ kú àmúmọ́ra, Àǹtí. Èrò tèmi ni pé kí ẹ fi í sílẹ̀. Kì í ṣe gbogbo ara ló gba irú iṣẹ́ yẹn. Ẹ máa fi owó ránṣẹ́ lóṣooṣù, Ọlọ́run á gbà á. Èmi náà lọ lẹ́ẹ̀kan, mi ò lè jẹun fún ọjọ́ méjì.


Nọ́ọ̀sì_Àgbà
Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 6:02 àárọ̀

Àdùkẹ́, ọmọ mi, kú ìrọ́jú. Mi ò fara mọ́ ohun tí Sámù sọ o. Ọdún 19 ni mo lò ní wọ́ọ̀dù ọmọdé kí n tó fẹ̀yìn tì. Ẹkún kọ́ ni ẹ̀ṣẹ̀. Èmi alára, yàrá tí a ń kó aṣọ bẹ́ẹ̀dì sí ni mo máa ń wọ̀, màá sunkún tán, màá bọ́jú, màá jáde wá fún ẹlòmíì ní oògùn. Ohun tí kò dáa níbẹ̀ ni pé o kàn pòórá. Àwọn ọmọ yẹn ń wo bí àwọn ọ̀rẹ́ wọn ṣe ń kúrò lórí bẹ́ẹ̀dì, kò yẹ kí ẹni tí ara ẹ̀ le náà tún máa lọ láìsọ.

Bí wọ́n bá bi ọ́, má purọ́ pé ó ti lọ sí Èkó, má sì sọ pé ó ń sùn. Ọmọ tí a bá sọ fún pé oorun ni ikú, ẹ̀rù oorun á máa bà á, ẹ̀rù abẹ́rẹ́ tí wọ́n fi ń kun èèyàn lóorun á wá ju ìyẹn lọ. Kọ́kọ́ bi nọ́ọ̀sì tó wà lẹ́nu iṣẹ́ pé kí làwọn òbí ti sọ fún wọn. Lẹ́yìn náà, ohun tí ọmọ bá bi ọ́ gan-an ni kí o dáhùn, kó mọ ní gbólóhùn kan tàbí méjì. Èyí tí kò bi ọ́, má tú u sílẹ̀.

Ìlérí ńkọ́? Má ṣe sọ pé "màá rí ẹ lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀." Sọ pé "Sátidé ni mo máa ń wá." Ìyàtọ̀ wà níbẹ̀.

Níwọ̀n ìgbà tó jẹ́ pé ọ̀pọ̀ ló ń ka ibí, ẹ jẹ́ kí n fi èyí kún un, torí ó máa ń bí mi nínú. Kímò, ìyẹn oògùn jẹjẹrẹ tí wọ́n ń fún àwọn ọmọ wọ̀nyí, bó ṣe ń pa jẹjẹrẹ náà ló ń pa àwọn ọmọ ogun inú ẹ̀jẹ̀ wọn. Bí ọjọ́ 7 sí 14 lẹ́yìn tí wọ́n bá gbà á ni àwọn ọmọ ogun náà máa ń kéré jù. Ọ̀fìnkìn tí ìwọ máa fi ọbẹ̀ ata lé lọ lè gbé ọmọ yẹn dé bèbè ikú. Bí imú rẹ bá ń ṣomi, dúró sílé. Bí ara ọmọ rẹ bá gbóná tí nǹkan sì sú sí i lára, dúró sílé. Ọṣẹ àti omi ni kí o fi fọwọ́ kí o tó wọlé. Gbogbo èyí tí ẹ̀ ń da sánítáísà sọ́wọ́ lẹ́nu ọ̀nà bí ẹni ń fi lọ́fínńdà yẹn ò tó. Ẹ má gbé bèbí onírun wá, eruku àti kòkòrò ló ń gbé ibẹ̀. Oníke tí a lè fi ọṣẹ fọ̀ ló dáa. Ẹ má ra ìbẹ́pẹ gígé tàbí sàláàdì lójú títì wá fún wọn. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ tí a máa bó lójú wọn ò burú, tí dókítà wọn bá gbà.

Àti nítorí àwọn tó ń sọ pé "ṣebí wọ́n máa kú náà ni": rárá o. Àjọ ìlera àgbáyé, WHO, sọ pé ní àwọn orílẹ̀-èdè olówó, nínú ọmọ 100 tó bá ní jẹjẹrẹ, ó lé ní 80 tó ń rí ìwòsàn. Ní ibi tí ọwọ́ ò ti tó nǹkan, wọn ò tó 30. Ẹ̀jẹ̀ àwọn ọmọ tiwa ò yàtọ̀. Wọ́n máa ń pẹ́ kí wọ́n tó gbé wọn dé ni, owó oògùn á tán, àwọn míì á sì dá a dúró lágbedeméjì. Àìsàn là ń wò, a kì í wo ikú.


Màmá_Ìdòwú
Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 11:25 àárọ̀

Màmá Nọ́ọ̀sì, ẹ kú iṣẹ́. Àmọ́ ẹ jẹ́ kí èmi tí mo sùn sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì ọmọ náà sọ tèmi.

Oṣù mẹ́rin àbọ̀ ni mo fi tẹ́ ẹní sílẹ̀ wọ́ọ̀dù. Jẹjẹrẹ kan tí wọ́n ń pè ní Burkitt ni wọ́n ní ó ṣe ọmọ mi. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ wú débi pé eyín rẹ̀ ń mì. Àwa rò pé eyín ló ń dùn ún, a ti yọ méjì kí ẹnì kan tó ní ká gbé e lọ síbi tó tóbi. Níbẹ̀ ni mo ti gbọ́ pé dókítà ọmọ Ireland kan tó ń ṣiṣẹ́ ní Uganda ló kọ nípa àìsàn náà lọ́dún 1958, orúkọ rẹ̀ ni wọ́n fi ń pè é. Àìsàn yìí máa ń yára dàgbà, ó sì máa ń yára gba oògùn. Lẹ́yìn kímò àkọ́kọ́, kò tó ọ̀sẹ̀ méjì tí ojú ọmọ mi fi ń padà sípò. Bàbá rẹ̀ ní ó ti san nìyẹn, gbèsè ti tó, ẹ jẹ́ ká máa relé.

Ibẹ̀ gan-an ló ti ń bàjẹ́ mọ́ ọ̀pọ̀ èèyàn lọ́wọ́. Ìyá méjì tá a jọ wà níbẹ̀ lọ sílé bẹ́ẹ̀. Wíwú náà tún padà. Ọ̀kan nínú wọn ò dé wọ́ọ̀dù mọ́.

Ọkùnrin kan wà nínú àwọn tó máa ń wá yọ̀ǹda ara wọn, ó ń ta ẹ̀yà ara mọ́tò lọ́jà. Kò mọ àlọ́, kò mọ orin. Ó mú ọkọ mi lọ sórí bẹ́ńṣì níta, ó ra búrẹ́dì àti ẹ̀wà fún un, wọ́n jẹun tán, ó wá ní, "Ẹ̀gbọ́n, tí ẹ bá pa ejò níwájú ilé, ṣé ẹ máa fi orí ẹ̀ sílẹ̀ fún àwọn ọmọ kí wọ́n fi ṣeré?" Ọkọ mi ò dáhùn, àmọ́ a ò lọ. Láti ìgbà yẹn, tó bá ti ku ọ̀la ká lọ gba oògùn, ọkùnrin yẹn á pè, á ní, "Ṣé owó mọ́tò wà?" Bí kò bá sí, á fi ránṣẹ́. Ìdòwú mi ti wà ní JSS 2 báyìí, aláriwo ni.

Àwọn tó gbé kéèkì wá pọ̀. Mi ò rántí orúkọ ẹnì kankan nínú wọn.

Lórí fọ́tò: Àǹtí Àdùkẹ́, ẹ bá wọn jà kí wọ́n yọ ọ́. Ẹgbẹ́ kan ya ọmọ tèmi láìwẹ̀wù, pẹ̀lú ẹ̀rẹ̀kẹ́ wíwú yẹn, wọ́n fi tọrọ owó. Mo fọwọ́ sí ìwé kan lóòótọ́, àmọ́ ta ló ń ka ìwé nígbà tọ́mọ rẹ̀ ń ṣẹ̀jẹ̀ lẹ́nu? Kò sí kọ́bọ̀ tó dé ọ̀dọ̀ wa. Ọmọ ọlọ́mọ là ń rán níṣẹ́ dé tòru tòru. Títí di ìsinsìnyí, àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ níléèwé ṣì máa ń rí fọ́tò yẹn.


Ajagun_Ìdí_Àràbà
Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 1:10 ọ̀sán

Mò ń kọ èyí gẹ́gẹ́ bí ọmọ tí wọ́n ń wá kí nígbà kan. SS ni mí, fòníkú-fọ̀ladìde. Mo ti di ẹni ọdún 36. Ìyá bàbá mi pè mí ní àbíkú títí mo fi wọ ilé ẹ̀kọ́ girama, torí pé àwọn méjì ti kú ṣáájú mi.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin tí ẹ máa ń wá, tí ọmọ bá ní ara ń ro òun, ẹ gbà á gbọ́. Ẹ má sọ pé "ìwọ tó ń ta lúdò lẹ́ẹ̀kan." Mo máa ń ta lúdò kí n má baà pariwo ni. Ẹ gbé omi wá, kí ẹ rọra gbà á níyànjú kó máa mu ún. Ẹ má ṣí fèrèsé sí i lára tí òtútù bá ń mú.

Ohun tí èmi tún fẹ́ sọ fún Àǹtí Àdùkẹ́ ni pé tí wọ́ọ̀dù jẹjẹrẹ bá wúwo jù fún yín báyìí, kò pọn dandan kó jẹ́ ibẹ̀ tàbí ilé. Tiwa yàtọ̀. Wọ́n fojú bù ú pé bí ọmọ 150,000 ló ń gbé àìsàn yìí wáyé lọ́dọọdún ní Nàìjíríà. A máa ń wọlé, a máa ń jáde, àwa kan náà lẹ máa máa rí fún ọdún mẹ́wàá. Ní Èkó, Sickle Cell Foundation wà ní Ìdí-Àràbà, òdìkejì LUTH. Ọdún 1994 ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Olú Akinyanju dá a sílẹ̀. Ìbàdàn lẹ wà, mo mọ̀, àmọ́ kílíníìkì SS wà ní ọ̀pọ̀ ilé ìwòsàn ńlá. Ẹ béèrè ọjọ́ tí wọ́n ń ṣe é. Ọmọ tó ti pa iléèwé jẹ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta nílò tíṣà ju oníkéèkì lọ, tíṣà sì lẹ̀yin.


Arákùnrin_Sámù
Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 1:32 ọ̀sán

Mo ti gbọ́ o. Àdúrà ńkọ́? Ọjọ́ tí mo lọ, mo gbé òróró dání, mo fi kan àwọn ọmọ náà lórí. Nọ́ọ̀sì kan fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ mí lójú.


Ajagun_Ìdí_Àràbà
Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 1:41 ọ̀sán

Ó yẹ kó jẹ ọ́ lójú, àbúrò mi. Ọmọ ọdún mọ́kànlá ni mí nígbà tí ẹnì kan dúró sórí mi tó ní bí ìgbàgbọ́ mi bá tó, ara ò ní ro mí mọ́. Gbogbo òru ni mo fi ń wá ibi tí ìgbàgbọ́ mi ti kéré. Tí ìyá ọmọ bá ní kí o gbàdúrà, gbà á, kó kúrú. Tí kò bá sọ bẹ́ẹ̀, gbà á nílé. Mùsùlùmí lè wà nínú àwọn tó wà ní wọ́ọ̀dù yẹn, ṣé o tiẹ̀ bi wọ́n?


Arákùnrin_Sámù
Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 1:50 ọ̀sán

Mi ò bi wọ́n. Ẹ má bínú.


O_Positive_Abẹ́òkúta
Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 8:20 alẹ́

Èmi ò lè wo ọmọ tó ń ṣàìsàn, ẹ jẹ́ kí n jẹ́wọ́. Ẹ̀jẹ̀ ni mo máa ń fi sílẹ̀. Ìgbà mọ́kàndínlógún rèé. Kímò máa ń jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ àwọn ọmọ náà gbẹ, imú àti èrìgì wọn á máa ṣẹ̀jẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ lè lo ọ̀sẹ̀ márùn-ún nínú fíríìjì, àmọ́ platelet, èyí tó ń jẹ́ kí ojú ọgbẹ́ dì, bí ọjọ́ 5 péré ni. Torí náà kì í ṣe ohun tí a máa fi lẹ́ẹ̀kan lọ́jọ́ àyájọ́ ká wá ya fọ́tò. Ẹ tò ó lẹ́sẹẹsẹ: mẹ́ta nínú ẹgbẹ́ yín lóṣù yìí, mẹ́ta lóṣù tó ń bọ̀. Ẹni tó bá ti pé ọdún 18, tí kò tíì ju 65 lọ, tó wúwo tó kílò 50. Àwọn ọkùnrin ni kó ṣáájú, torí pé obìnrin ń rí nǹkan oṣù, kò yẹ kí wọ́n máa fi ẹ̀jẹ̀ sílẹ̀.


Nọ́ọ̀sì_Àgbà
Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 9:05 alẹ́

Ta ló sọ bẹ́ẹ̀? Obìnrin ń fi ẹ̀jẹ̀ sílẹ̀ dáadáa. Wọ́n á kọ́kọ́ yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò bóyá ó tó. Ọkùnrin lè padà lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ 12, obìnrin lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ 16. Aboyún àti abiyamọ tó ń fún ọmọ lọ́yàn ni kó sinmi. Ìyókù ọ̀rọ̀ rẹ dáa, pàápàá ti platelet.


Déọlá_Peckham
Ọjọ́rú, 12:48 òru

Ẹ kú ọ̀rọ̀ o. London ni mo wà, mo ń ṣe olùyọ̀ǹda ní ilé ìtọ́jú àwọn ọmọ tí àìsàn wọn ò gbóògùn. (Ilẹ̀ yìí ni irú rẹ̀ ti kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀ lágbàáyé, Helen House ní Oxford, 1982.) Kí wọ́n tó jẹ́ kí n fọwọ́ kan ìlẹ̀kùn, wọ́n ṣe DBS fún mi, ìyẹn ni pé wọ́n wo àkọsílẹ̀ ìjọba bóyá mo ti hùwà ọ̀daràn rí. Wọ́n pe ẹni méjì tó mọ̀ mí. Wọ́n kọ́ mi fún ọ̀sẹ̀ bíi mélòó kan. Èmi àti ọmọ kì í dá wà níbi tí ìlẹ̀kùn ti pa dé. Ó yà mí lẹ́nu pé ẹgbẹ́ Àǹtí Àdùkẹ́ kàn ń kó èèyàn wọ wọ́ọ̀dù bẹ́ẹ̀. Lórí fọ́tò, òfin ẹ̀tọ́ ọmọdé tí Nàìjíríà ṣe lọ́dún 2003 fún ọmọ ní ẹ̀tọ́ sí àṣírí rẹ̀. Kò tọ́ rárá.


Màmá_Ìdòwú
Ọjọ́rú, 7:15 àárọ̀

Àǹtí Déọlá, òótọ́ lẹ sọ, àmọ́ tí a bá ní ká dúró de DBS níbí, ta ló máa wá? Ọkùnrin ọlọ́jà tí mo sọ yẹn ò ní fọ́ọ̀mù kankan.


Déọlá_Peckham
Ọjọ́rú, 7:52 àárọ̀

Mà, mo gbọ́ yín. Àmọ́ ẹni tó fẹ́ ṣe ọmọdé níjàǹbá, ibi tí wọn kì í ti í béèrè ìbéèrè ló máa ń wá. Kò pọn dandan kó jẹ́ ìjọba ló máa ṣe é. Kí ẹgbẹ́ pe ọ̀gá ibi iṣẹ́ èèyàn, kí wọ́n pe pásítọ̀ tàbí lemọ́ọ̀mù rẹ̀. Kí èèyàn máa lọ ní méjì méjì. Ìyẹn ò ná wọn ní kọ́bọ̀. Tọkùnrin ọlọ́jà yẹn, ìpè kan ṣoṣo ló máa gbà.

Ohun kan tó ràn mí lọ́wọ́, kí n fi sílẹ̀ fún Àǹtí Àdùkẹ́: bí a bá ti parí iṣẹ́, kò sẹ́ni tó gbọ́dọ̀ lọ sílé tààrà. A máa ń jókòó ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, a mu tíì, ẹnì kọ̀ọ̀kan á sọ ohun tó rí. Tí ọmọ kan bá ti lọ, ẹni tó ń darí wa ló máa pè wá lórí fóònù kí a tó dé. A kì í gbọ́ ọ lẹ́nu ẹni tó ń nu ilẹ̀.


Màmá_Ìdòwú
Ọjọ́rú, 8:03 àárọ̀

Èyí tẹ́ ẹ sọ kẹ́yìn yẹn, mo gbà á tọwọ́ tẹsẹ̀.


Àdùkẹ́_Mókọ́lá
Ọjọ́ Àìkú, 4:37 ìrọ̀lẹ́

Ẹ ṣé gan-an. Mo lọ lánàá.

Mo gbé ìpè olórí ẹgbẹ́ lọ́jọ́ Ẹtì. Mo ní màá padà bí wọ́n bá gba ohun méjì: kí wọ́n yọ fọ́tò yẹn, kí ẹnì kan sì máa pè wá kí a tó dé. Ó ní èkejì ò le. Lórí fọ́tò, ó kọ́kọ́ ní fọ́tò náà ló ń jẹ́ kí owó wọlé. Mo ní kó pe bàbá ọmọ náà kó tọrọ àyè lọ́wọ́ rẹ̀ nísinsìnyí. Kò sọ nǹkan kan. Nígbà tó di alẹ́, wọ́n ti yọ ọ́ lójú Facebook. Ó ṣì wà lórí WhatsApp àwọn kan, mo ń lé wọn lọ́kọ̀ọ̀kan.

Mo bi nọ́ọ̀sì kí n tó wọlé, bí Màmá Nọ́ọ̀sì ṣe wí. Wọ́n ti sọ fún àwọn ọmọ náà pé ó kú. Ọmọbìnrin kan tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, ẹni ọdún mẹ́jọ, wò mí látòkè délẹ̀, ó ní, "Àǹtí, ẹ̀yin náà kú ni?"

Mo ní rárá, mo ń sunkún nílé ni.

Ó ní, "Fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà?"

Ìyá rẹ̀ ní kó dákẹ́, mo ní ẹ fi í sílẹ̀. Mo wá pa àlọ́ tí mo ti ṣèlérí fún ọmọkùnrin yẹn. Mi ò lè parí rẹ̀ dáadáa, ohùn mi ń já, àwọn ọmọ náà ni wọ́n bá mi sọ ìparí rẹ̀, wọ́n sì sọ ọ́ yàtọ̀ sí bó ṣe wà. Ọ̀kan nínú àwọn ẹlẹgbẹ́ mi jókòó tì mí níta lẹ́yìn rẹ̀. Ọkọ mi ló wá gbé mi, kò bi mí ní nǹkan kan, ó ra àgbàdo sísun fún mi lójú ọ̀nà.

Màá máa lọ lẹ́ẹ̀mejì lóṣù báyìí, kì í ṣe gbogbo Sátidé. Màá sì béèrè ọjọ́ kílíníìkì SS fún ti ẹ̀kọ́.

Ìṣòro kan ló kù. Ọmọbìnrin ojú fèrèsé yẹn ní Ìjàpá ti sú òun, pé gbogbo ìgbà ni wọ́n ń mú un. Ta ló mọ àlọ́ tí kò sí Ìjàpá nínú rẹ̀, tí kò sì sẹ́ni tó kú níbẹ̀?


Màmá_Ìdòwú
Ọjọ́ Àìkú, 5:10 ìrọ̀lẹ́

Ọ̀kan wà tí ìyá mi máa ń pa fún wa, ti obìnrin tó ń ta ògì tí ẹkùn wá ra ògì lọ́wọ́ rẹ̀ láwìn. Mo máa gbà á sílẹ̀ lóhùn, mo máa fi ránṣẹ́ sí yín lálẹ́ yìí. Ìdòwú ní òun ló máa ṣe ohùn ẹkùn.


Nọ́ọ̀sì_Àgbà
Ọjọ́ Àìkú, 5:26 ìrọ̀lẹ́

Àdùkẹ́, fọwọ́ kí o tó pa á o.